Férémù Ìyá Ìtòkò Lára Ògiri Wa

Aké, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ajé.

Dọ̀tun, Àjàní, ọkọ mi,

Ẹ̀rín á pa ọ́ bí o bá rí lẹ́tà yìí. Wàá ní, màmá mi tó ní fóònù lọ́wọ́, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ bí ẹni ń ka ìkéde ìjọ, kí ló dé tó wá ń kọ̀wé? Má rẹ́rìn-ín jìnnà. Mo ti gbìyànjú láti fi ohùn sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí o wá, tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ò ń jẹ ìrẹsì, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé ṣé ata rẹ̀ tó. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi yìí, ojú rẹ gan-an ni kò jẹ́ kó jáde. Ìdí nìyí tí mo fi lọ ra bébà, tí mo wọ awò mi. Jọ̀ọ́, kà á dópin kí o tó pè mí.

Mo tún kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí o sọ fún mi pé ìjọba ti gbà ọ́, mo jó. Nígbà tí o wá sọ ẹ̀ka tí wọ́n fi ọ́ sí, pé ìwọ ni wàá máa lọ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá láti wo àwọn ájẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́, bóyá wọ́n ní láísẹ́ǹsì, bóyá wọ́n ń pa òfin mọ́, ẹsẹ̀ mi dúró. O rò pé ayọ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ayọ̀. Ẹ̀rù ni, ìtìjú sì wà nínú ẹ̀rù náà.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí, mi ò ní fi ṣe àlọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, o máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìtòkò, ìyá ìsàmì rẹ, láti wò ó bóyá ó yẹ kí ìjọba fún un ní láísẹ́ǹsì tuntun. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti kú tipẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó gbé àkùkọ méjì wá kí mi. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ kí o má wulẹ̀ wá, kí o jókòó sí ọ́fíìsì rẹ kí o kọ ọ́ sínú fáìlì pé o wá, pé o rí ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Mo sì dá a lóhùn pé, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọmọ wa ni." Mo fi orúkọ rẹ ṣèlérí láìbi ọ́. A ti pa ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ náà. Itan rẹ̀ ló wà lórí ìrẹsì rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo fẹ́ kí o da ìlérí yẹn nù bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn sọ bẹ́ẹ̀ lásán, wàá rò pé ìyá rẹ jẹ́ olódodo tó kàn ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ó yẹ kí ìwọ náà mọ ilé tí o ti jáde.

O rántí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Aké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Télọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo ń bá wọn tún ọ́fíìsì kan ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn tó ń ti ìhín lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́ ń ráhùn pé àwọn ò rí ẹni tí yóò bá wọn dáná, tàbí ẹni tí yóò dúró ti ìyá àwọn tó ti dàgbà. Mo bá ẹnì kan wá ọmọbìnrin kan láti Ìtorí. Ilé tó lọ dáa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, òun náà dúpẹ́. Mo ní àṣé iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ yìí, èèyàn sì lè jẹun nídìí rẹ̀. Ìyá Ìtòkò, tó ti ń ṣe é ṣáájú mi, ló wá fi ọ̀nà hàn mí.

Òun ló sọ fún mi pé òfin wà. Ájẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, kó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Ó tún gbọ́dọ̀ ní rẹ́jísítà, ìwé ńlá kan tí yóò máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú lọ síṣẹ́ sí, ilé bàbá rẹ̀, ilé tó lọ, ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tó lọ. Ìyá Ìtòkò ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Èmi náà gbéra, mo lọ wá tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń fúnni ní fọ́ọ̀mù ò sí lórí ìjókòó. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ọjọ́ kẹta, akọ̀wé kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀wé kà?" Ọjọ́ kẹrin, mo dé ẹnu géètì, mo padà sílé.

Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi akọ̀wé yẹn ṣe àwáwí. Mo ní òun ló fà á. Irọ́ ni. Ẹni tó ń lọ sọ́jà tí òjò lé padà lẹ́ẹ̀kan, á tún jáde lọ́la. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí o ti wà lórí ìjókòó tí akọ̀wé yẹn jókòó sí, jẹ́ kí n ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn mi. Bí obìnrin kan bá wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku, tó ní òun fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, bá a ka fọ́ọ̀mù náà. Má ní kó padà wá lọ́la bí ohun tó ń wá bá wà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sọ́fíìsì ò mọ bí ẹnu géètì yẹn ṣe ga tó lójú ẹni tó wà lóde.

Ìyá Ìtòkò ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní férémù tí láísẹ́ǹsì òun wà nínú rẹ̀ tó àwa méjèèjì lò. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì tó máa ń ta wá lólobó bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní Aké ni, màá gbéra lọ sí Ìtòkò, màá gbé férémù náà sínú abọ́ ńlá, màá fi ìró àdìrẹ bò ó, màá gbé e rù bí ẹni ń gbé oúnjẹ lọ síbi ìkómọ. Àwọn èèyàn á máa kí mi lọ́nà pé ẹ kú ìnáwó. Màá sì dáhùn. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, màá gbé e kọ́ sára ìṣó. Orúkọ Ìyá Ìtòkò ló wà lórí ìwé náà, bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá bèèrè, màá ní ẹ̀ka wọn ni mí. Ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ ọgbọ́n yìí lẹ́nu ẹni tó fi ṣe ibi. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù ájẹ́ǹtì, má jẹ́ kí férémù dán mọ́ ọ lójú. Sún un díẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nílùú eléruku pupa bíi tiwa, ibi tí férémù bá ti bò fún ọdún kan máa ń mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ. Bí ẹ̀yìn férémù àti ìta rẹ̀ bá rí bákan náà, àlejò ni férémù yẹn, àárọ̀ yẹn ló dé. Lẹ́yìn náà, béèrè rẹ́jísítà. Wo ìwé náà bó ṣe rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Rẹ́jísítà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ máa ń ní àbàwọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yíǹkì inú rẹ̀, etí rẹ̀ a sì ti ká. Èmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó kọ rẹ́jísítà ọdún kan gbáko, pẹ̀lú bírò kan ṣoṣo. Mo hùmọ̀ orúkọ àwọn ọ̀gá tí mi ò mọ̀. Àdírẹ́sì tí mo kọ síbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó ń gbébẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ìnsípẹ́kítọ̀ sì yìn mí. Bó bá wu ọ́, mú orúkọ kan nínú rẹ́jísítà wọn, kí o ní kí wọ́n pe ẹni náà lórí fóònù lójú rẹ. Ìyẹn ju kí o ka ojú ìwé ọgọ́rùn-ún lọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé ṣé ọ̀rọ̀ férémù náà ló ń ba ìyá mi nínú jẹ́ tó báyìí. Rárá o. Mo ṣì ń sá fún ibi tí mò ń lọ ni.

Ní ọdún tí o wọ sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní abúlé kan tó wọnú lẹ́yìn Wásinmi. Ògúndípẹ̀ lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Wọn kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í lọ mọ́sálásí, ohun tí bàbá wọn sìn ni wọ́n ń sìn. Ó ní ọmọbìnrin kan, Àdùkẹ́, tó tó ọmọ ogún ọdún, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kó lè fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo ní mo ti bá a rí ibì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ájẹ́ǹtì ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ìbàfò ti pè mí pé òun ń wá ẹnì kan kíákíá. Ohun tí mo mọ̀ kò ju nọ́ńbà fóònù ẹlẹgbẹ́ mi yẹn lọ.

Mo mú fọ́ọ̀mù jáde kí bàbá náà tẹ̀ka sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá ní òun náà ní fọ́ọ̀mù tòun. Ó wọlé, ó mú àdá oko rẹ̀ jáde, ó fi omi ṣàn án, ó gbé e sórí itan.

"Ìyá, níbo lẹ ń mú un lọ?"

"Ìbàfò ni, Bàbá. Ilé dókítà kan."

"Ṣé ẹ mọ ilé náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ yàrá mi."

"Bí mo bá wá bá yín lọ́la, tí mo ní kí ẹ mú mi lọ rí ọmọ mi, ṣé ẹ ó mú mi lọ?"

"Màá mú yín lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ fi ahọ́n kan irin yìí, kí ẹ tún un sọ."

Bíbélì mi wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, torí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni mo ti lọ kí n tó wọkọ̀. Dọ̀tun, tí bàbá yẹn bá ní kí n mú Bíbélì jáde, mi ò ní lè búra. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Màá ti ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wádìí ilé náà. Ṣùgbọ́n irin ló gbé wá. Nínú ọkàn mi, mo ní èmi tí wọ́n sàmì fún ní kékeré, kí ni mo bá àdá dá pọ̀? Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò mọ̀ pé mo ní ohun mìíràn nínú báàgì. Mo yọ ahọ́n, mo fi kan irin, mo sì tún irọ́ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àdùkẹ́ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì aṣọ rẹ̀, ó ń wò mí. Bàbá rẹ̀ nu àdá náà, ó sọ pé, "Ó ti tán. Ọkàn mi balẹ̀."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn láti ọdún wọ̀nyí wá. Nílé ẹjọ́, Bíbélì ni wọ́n ń gbé fún onígbàgbọ́, Kùránì fún mùsùlùmí, irin fún àwọn bíi Ògúndípẹ̀. Adájọ́ kì í bi wọ́n pé èwo ló wúwo jù. Ẹni tí mò ń búra fún gbà á gbọ́, ìyẹn ló sọ ọ́ di ìbúra. Èmi rò pé nítorí pé irin kì í ṣe tèmi, irọ́ tí mo pa lórí rẹ̀ kì í ṣe tèmi náà. Wọ́n ní ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi wọ́lẹ̀ lọ bá a. Ẹnu mi ti wọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ògúndípẹ̀ wá sí Aké. Ó ru iṣu wá fún mi. Ó ní òun ti ń pe fóònù Àdùkẹ́, kò lọ. Ó ní kí n mú òun lọ rí i, bí mo ṣe wí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìbàfò ti fà á lé ájẹ́ǹtì mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn sì ti fà á lé ẹlòmíràn. Mo bèèrè títí, kò sẹ́ni tó lè sọ ilé tó wà fún mi. Férémù Ìyá Ìtòkò sì wà lára ìṣó lọ́jọ́ náà, torí ìnsípẹ́kítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Mo nawọ́ sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ má mikàn. Ìjọba mọ ibi tí ọmọ yín wà. Ẹ wo òǹtẹ̀ wọn."

Bàbá náà ò mọ̀wé. Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba fún férémù náà bí ẹni ń kí ọba, ó ní, "Ẹ ṣeun o." Ó gbé fìlà dé, ó lọ.

Bàbá Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò wojú mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ògúndípẹ̀ tún wá lẹ́ẹ̀kejì, mo tún nawọ́ sí ìṣó. Kò sí férémù níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ti padà sí Ìtòkò. Mo ní ìjọba ti mú un lọ láti lọ kọ orúkọ Àdùkẹ́ sí i. Ó gbà mí gbọ́. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i láti òkèèrè, mo sá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, mo lóṣòó sáàárín àwọn àkísà aṣọ. Mo gbọ́ tó ń bèèrè mi. Mo gbọ́ tó ní òun kò ní dúró pẹ́. Ó fi iṣu mẹ́rin sílẹ̀ fún mi. Dọ̀tun, a jẹ iṣu náà. Èmi ni mo gún un níyán. O ní kí n fi kún tìrẹ.

Kò wá mọ́. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta ni mo gbọ́ lẹ́nu ará Wásinmi kan pé ó ti kú. Ó ní títí ó fi kú ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun wà lọ́wọ́ ìjọba.

Àdùkẹ́ padà sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilé kan ní Èkó ni wọ́n tì í mọ́, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ní gbèsè àwọn ájẹ́ǹtì ló ń san. Aládùúgbò kan ló ràn án lọ́wọ́ tó fi jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí mo gbọ́ pé ó ti dé ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀yin ọmọ àti bàbá yín rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀ ń fi òróró pa mí lẹ́yìn, mo sì ń kérora. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀yìn mi. Ojú ló ń tì mí, mi ò sì mọ òróró tí wọ́n fi ń pa ìyẹn.

Láísẹ́ǹsì tí wàá máa buwọ́ lù yìí, irin Ògúndípẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó mú ọmọ ọlọ́mọ lọ mọ ibi tó mú un lọ, bí wọ́n bá sì bèèrè, yóò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Gbogbo òfin tó wà nínú ìwé yín tó nípọn yẹn, bí o bá fún un, ìbéèrè bàbá yẹn ni yóò kán jáde. Má fi ojú bébà wò ó.

Wọ́n á máa kó nǹkan wá fún ọ. Kì í ṣe owó ló máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á kọ́kọ́ kí ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á ní òun mọ ìyá rẹ. Àkùkọ á wá gbẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá lo orúkọ mi níwájú rẹ, kí ìyẹn gan-an jẹ́ ìdí tí wàá fi wo fáìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá bínú tí wọ́n ní ìyá ìwọ náà ṣe é rí, má jà, má sì sẹ́. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún mi. Bí ọ̀gá rẹ bá sì ní kí n wá sọ ọ́ níwájú ẹni yòówù, màá wọ aṣọ mi màá wá. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ní àárọ̀ àná, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú àkùkọ kejì, mo gbé e lọ sí Ìtòkò. Ìyá Ìtòkò wo àkùkọ, ó wò mí.

"Kí lèyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Dọ̀tun máa wá ní Ọjọ́bọ̀."

"O ò tíì bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Mi ò bá a sọ ọ́, mi ò sì ní bá a sọ ọ́."

Ó ní, "Ọwọ́ ta ni àlùfáà ti gba ọmọ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un?"

"Ọwọ́ yín ni."

"Férémù ta lo fi tọ́ ọ?"

"Tiyín ni, mà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Ó ní kí n máa lọ. Mo dé ìta ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ní ọjọ́ orí òun yìí, iṣẹ́ wo ni òun tún fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nítorí náà, má fi ìbínú tí o bá ní sí mi lọ bá a. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá ìsàmì rẹ ni, kí wọ́n fi ẹlòmíràn kún ọ, kí ẹ jọ lọ. Dọ̀bálẹ̀, kí i bí o ṣe ń kí i. Lẹ́yìn náà, dìde kí o sún férémù. Bí rẹ́jísítà rẹ̀ kò bá pé, fi bó ṣe ń pé hàn án, kí ẹ fún un ní àsìkò tí òfin bá gbà. Bó bá kọ̀ láti ṣe é, ẹ má fún un.

Ó ku ibì kan tí mo lọ. Lẹ́yìn ìsìn àná, mi ò wá sílé. Mo wọkọ̀ lọ sí Wásinmi, mo gun ọ̀kadà wọnú abúlé. Láti ọdún tí Àdùkẹ́ ti dé, mi ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Mo bá a níbi tó ti ń yan gààrí. Kò kọ́ṣẹ́ aránṣọ náà. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sún síbi tí èéfín kò ti ní bá mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ yìí, àti irin, àti férémù, àti iṣu tí a jẹ. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì lé mi. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, pé ọmọ mi ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, pé òun ló ń wo àwọn ájẹ́ǹtì báyìí, ó dá igbá tó fi ń rò ó dúró.

Ó ní, "Ọmọ yín yẹn, ṣé ẹ mọ ibi tó wà báyìí?"

Mi ò rò ó kí n tó fèsì. Mo ní Asérò ló ń gbé, ilé aláwọ̀ ewé tó dojú kọ kànga, yàrá kejì. Mo ní Òkè-Mọsàn ni ọ́fíìsì rẹ̀, àjà kejì, ilẹ̀kùn kẹta lọ́wọ́ òsì, fèrèsé ló jókòó tì. Mo ní lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti di ìwòyí, ó máa ń sùn, apá ọ̀tún ló sì máa ń fi lélẹ̀.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Bàbá mi náà fẹ́ mọ̀." Ó sì tẹ̀ síbi gààrí rẹ̀.

Lọ sí Ìtòkò ní Ọjọ́bọ̀, Àjàní mi.

Èmi tí mo bí ọ, tí ojú rẹ ń tì,
Màmá rẹ.